Oṣù Tí Oòrùn Kì Í Lọ Kí I

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó ní kí n lọ síbi tí òtútù wà. Ara mi kò gbà á rárá. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní Bárúwà tí à ń gbé l'Ékòó, èmi ni mo máa ń wọ súẹ́tà méjì jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tí àwọn oníbàárà mi á sì máa fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi sọ pé oṣù Kejìlá ni òun fẹ́ lọ sí Fínlándì, àti pé èmi ni mo máa sin òun lọ, ńṣe ni mo ń tẹ ẹ̀rọ mi lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Àbúrò mi obìnrin ló ń gbé Fínlándì. Àwa méjì péré ni ìyá wa ní. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, nígbà tó sì ṣe tán, ó ríṣẹ́ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kékeré kan létí òkun, lápá òkè pátápátá. Ó ń dá gbé ni. Kò sí ẹnì kan tó lè bá sọ Yorùbá ní gbogbo àdúgbò náà, kò sì tíì wálé láti ìgbà tó ti lọ.

Tí ẹ bá pè é lóṣù kẹfà, ẹ ó rò pé kò sí ẹni tó ń gbádùn tó o láyé. Á gbé fóònù sókè kí á lè rí omi, igbó, àti àwọn èso kéékèèké tó ń ká. Ṣùgbọ́n tí ọdún bá ti ń lọ sópin, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. A ó pè é, kò ní gbé e. Lọ́jọ́ tó bá gbé e, kò ní sọ ju "Ilẹ̀ ti ṣú, Màámi, mo fẹ́ sùn," lọ, bẹ́ẹ̀ oòrùn ọ̀sán ló ń jó orí páànù wa níbí lákòókò náà. Ní ìparí ọdún tó ṣáájú ìrìn àjò wa, ìyá mi pè é títí ó fi gbé e. Ohun tó sọ fún ìyá mi ni pé, "Màámi, mi ò mọ nǹkan tí mo ń torí ẹ̀ jí mọ́." Ìyá mi gbé fóònù náà lé itan. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń ba àwa méjèèjì pé a lè pàdánù ọmọ yìí sí ibi tí a kò mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ìgbà òjò ni ọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà dé, lásìkò tí ojú ọ̀nà Ìgàńdó ti di odò, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ń wọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò mi pè, inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ti gba ilé tó gba àlejò, òun sì fẹ́ kí á wá. Òun fúnra rẹ̀ ló dá àkókò.

"Ẹ wá ní Júláì tó ń bọ̀, Màámi. Ìgbà yẹn ló dáa jù níbí. Oòrùn kì í fẹ́ wọ̀ rárá, ẹ máa rí òdòdó lóríṣiríṣi, orúnkún yín ò sì ní dà yín láàmú."

Ara mi yá gágá. Mo ti ń wo àwọn òyìnbó tó ń rìnrìn àjò kiri lórí fóònù mi, gbogbo wọn ló sì fẹnu kò pé ẹni tó bá fẹ́ gbádùn ilẹ̀ náà, kó lọ nígbà ooru. Oníbàárà mi kan wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà tó wá wọn aṣọ wò. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Àkówọnjọ, ọkọ rẹ̀ sì máa ń mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tó fi gbà á.

"Ẹ má dán Dìsẹ́ńbà wò láéláé o, Ìyá! Lọ́ńdọ̀nù tí mo lọ lọ́jọ́sí, ńṣe ni mo ń fọwọ́ kan imú mi bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ti Fínlándì á wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà ooru ni jàre."

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ nígbà tí à ń sọ gbogbo èyí. Kò gbójú sókè. Ó dúró títí obìnrin náà fi lọ, ó wá gbé àtẹ náà sílẹ̀.

"Ìgbà wo ni ọmọ yẹn kì í gbé fóònù?"

Mo ní, "Màámi, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò là ń sọ."

"Èmi náà, òun ni mò ń sọ. Ìgbà wo?"

"Láti bíi Nòfẹ́ńbà lọ, títí ọdún tuntun á fi wọlé dáadáa."

"Ó dáa. Dìsẹ́ńbà yìí la máa lọ."

Ìgbà yìí gan-an ni mo sá sídìí ẹ̀rọ mi. Nígbà tó rí i pé mi ò fẹ́ dáhùn, ó wá dúró sí iwájú mi.

"Gbọ́ mi. Ní Júláì, oòrùn wà lọ́dọ̀ ọmọ mi tọ̀sán-tòru. Oòrùn ń lọ kí i. Kí ni kí èmi lọ ṣe níbẹ̀? Kí èmi àti oòrùn jọ jókòó sí pálọ̀? Ìgbà tí oòrùn kì í lọ kí i ni mo fẹ́ lọ."

"Màámi, dókítà ní kẹ́ ẹ yẹra fún òtútù."

"Dókítà ò bímọ sí Fínlándì."

"Ṣé kò ní dáa ká kúkú ní sùúrù? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè rin irú ìrìn yìí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ máa gbádùn ẹ̀."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ló wí, ó sì gbé ẹ̀wà rẹ̀ lọ síbi ìdáná. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dá jókòó, mo rí i pé òótọ́ ni ó ń sọ, bó ti wù kí ó bí mi nínú tó. Àwọn òyìnbó orí fóònù mi, ìlú ni wọ́n ń bẹ̀ wò. Ní tiwa, ènìyàn là ń bẹ̀ wò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ní kí a múra ká lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, ta ni ara rẹ̀ kò yá? Ta ló bímọ? Ta ló ṣòfò? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló ń dá ọjọ́ ìrìn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Àkówọnjọ. Mo rò pé ẹja kótè ló fẹ́ rà. Nígbà tí a débẹ̀, ó ní kí obìnrin náà jọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó ẹja sí, kí òun wọlé lọ jókòó díẹ̀.

Obìnrin náà wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ dán orúnkún mi wò ni. Mò ń rìnrìn àjò."

Wọ́n gbé àpótí fún un lóòótọ́. Ó jókòó sáàárín àwọn páálí ẹja, ó fi ìborùn wé orí, èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Àwọn tó wá rajà dúró ń wòran. Nígbà tó jáde, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán.

"Kò burú. Ẹja ń gbé inú ẹ̀, wọn ò ráhùn."

"Ẹja tó ti kú ni, Màámi."

"Ìwọ ṣá, ẹnu ẹ ti pọ̀ jù."

Mo gba kámú. Mo ṣa aṣọ òtútù tó nípọn jù ní ìdí òkìríkà, mo rán bùbá tó ní búláńkẹ́ẹ̀tì nínú fún ìyá mi, mo rán yẹ̀rì rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Òun náà di òrí sínú ike, ó di iná alágbèéká tí a máa ń ṣájì sílẹ̀ de ìgbà tí wọ́n bá múná lọ. Àbúrò mi ṣàlàyé lórí fóònù títí ó fi rẹ̀ ẹ́, pé iná kì í lọ lọ́dọ̀ wọn. Ìyá mi ní òun gbọ́. Ó sì fi iná náà sáàárín aṣọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Alímọ̀ṣọ́ tó bó ti pẹ́ níbẹ̀, kò lè fọkàn tán iná ìjọba kankan láyé yìí.

Nígbà tí bàálù tó gbé wa kẹ́yìn balẹ̀, mo wo aago, ọ̀sán ṣì ni. Mo wo ojú fèrèsé, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá. Àbúrò mi ti sọ ọ́ fún wa láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a sọ fún ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀sán tó dúdú.

Yìnyín tí àwa mọ̀ ni èyí tó ń bá òjò já lu páànù bí ẹni ń sọ òkò. Èyí kì í dún rárá. Nígbà tí a jáde, ńṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú tó tú jáde nínú ìrọ̀rí, ó sì ti bo gbogbo nǹkan: ilẹ̀, ọkọ̀, igi, orí òrùlé. Ìyá mi dúró sójú kan, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbà á. Ó ń wo bó ṣe ń já lé e tó sì ń di omi. "Súbúhánálláàhì," ló wí, ó tún un wí. Orí mi wú. Mo gbàgbé pé mo ti múra láti ráhùn.

Àbúrò mi dì mọ́ ọn, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó ti rù. Ó fipá rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀ o," bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Nígbà tí a dé ilé rẹ̀, mo rí i pé kò ṣí aṣọ fèrèsé, kò sì jọ pé wọ́n ti dáná nínú ilé náà láìpẹ́. Ẹní ìkírun rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, ó wà ní kíká bí ohun tí wọn ò lò mọ́. Ìyá wa rí i. Ó fa aṣọ fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́, ó béèrè ibi tí ìkòkò wà.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ ni ìdákẹ́rọ́rọ́. Ní Bárúwà, jẹnẹrétọ̀ ń hó, ṣọ́ọ̀ṣì ń kọrin, mọ́ṣáláṣí ń pèrun, oníkẹ̀kẹ́ ń pe èrò, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ara rẹ̀. Níbẹ̀, mo gbọ́ bí yìnyín ṣe ń dún lábẹ́ bàtà ẹni tó ń kọjá ní òdìkejì ọ̀nà. Òkùnkùn náà kò sì rí bí mo ti rò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ń bọ̀ láti ìsọ̀, òṣùpá yọ sórí yìnyín, gbogbo ayé sì mọ́ rekete débi pé mo lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ìyá mi dúró wò ó. "Ẹni tó mọ iṣẹ́ òkùnkùn, kó má dá òṣùpá lóró," ló wí. Mo ti ń gbọ́ òwe náà láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun tí ojú rí ni àwọn àgbà ń sọ.

Oòrùn náà máa ń yọ, ṣùgbọ́n kì í gòkè. Ní nǹkan bí ọ̀sán gangan, á yọjú ní ìsàlẹ̀ sánmà, pupa bí epo, á rìn díẹ̀ létí ilẹ̀, á sì wọlé padà. Ohun tó ń pa àbúrò mi nìyẹn. Ó sọ fún mi pé tí òun bá ti ń rí i bó ṣe ń wọ̀, ńṣe ni ó máa ń dà bíi pé wọ́n ti gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ òun kí òun tó lò ó. Lọ́jọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, kì í dìde lórí ibùsùn.

Ìyá mi ní kó máa fi fóònù rẹ̀ wo àkókò ìrun fún òun. Ní ọjọ́ kìíní, ó kírun Àyílà tán, ó jókòó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀, ó fẹ́ ká ẹní. Fóònù dún.

"Kí nìyẹn?"

"Àlàásárì ni, Màámi."

"Àlàásárì báwo? Mi ò tíì dìde!"

Ó kí Àlàásárì. Ó lọ síbi ìdáná lọ ro ọbẹ̀, kò tíì fi iyọ̀ sí i tí fóònù fi tún dún. Mọ̀gàríbì ni. Ìyá mi mú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ dúró, ó ń wo àbúrò mi bóyá ó ń fi òun ṣeré. Àbúrò mi fi fóònù náà hàn án, ó tọ́ka sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń rì lóòótọ́. Ní Bárúwà, láàárín Àyílà àti Àlàásárì, ènìyàn lè lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá lọ rajà kó sì padà dé. Níbẹ̀, ènìyàn kò lè se ọbẹ̀ jiná.

Mo rò pé yóò bínú. Ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ah, ìlú yìí! Ọlọ́run ò fẹ́ kéèyàn dá wà níbí rárá. Á pè ọ́, kó o tó yí ẹ̀yìn padà, Á tún pè ọ́. Ọmọ mi, o ò ṣe sọ fún mi pé báyìí ni wọ́n ṣe ń pè ọ́ léraléra níbí?"

Àbúrò mi dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ohun tó ti ń kà sí ìjìyà láti ọdún mélòó kan wá ni ìyá wa ń pè ní àbójútó yìí. Ẹnu ya èmi náà. Mo wo ojú fèrèsé, mo wo ìyá mi arúgbó tó wọ bùbá búláńkẹ́ẹ̀tì, tí kò kàwé, tí kò lọ ibì kankan rí ju Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èkó lọ, mo sì bi ara mi léèrè ibi tó ti rí ojú tó fi ń wo nǹkan báyìí.

Àbúrò mi kò kírun lọ́jọ́ náà. Ó kàn jókòó ti ìyá wa ni. Ó tó ọjọ́ díẹ̀ kó tó fa ẹní rẹ̀ yọ, kò sì sí ẹni tó bá a sọ ọ́. Ó lọ ṣe àlùwàlá, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Lọ́jọ́ tí kò bá síṣẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kí Àyílà, a ó jẹ búrẹ́dì díẹ̀, a ó kí Àlàásárì, a ó bá ara wa jiyàn lórí ata ọbẹ̀, a ó kí Mọ̀gàríbì, ọ̀sán á sì ti lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan rí àyè wọ ibùsùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bí mo ṣe ń rìn lórí yìnyín bí ẹni tó gbé ẹyin.

Oṣù kìíní ọdún ti wọlé, ìrìn àjò wa sì ń lọ sópin, nígbà tó mú wa lọ sétí òkun. Òkun náà ti dì. Òkun tí èmi mọ̀ ní Èkó kì í dákẹ́, bíbú ló máa ń bú. Èyí dùbúlẹ̀ gbalaja, funfun, títí dé ibi tí ojú mi mọ, àwọn ènìyàn sì ń rìn lórí rẹ̀. Bàbá kan ń fa ọmọ rẹ̀ lórí pákó. Ẹlòmíràn gbẹ́ ihò sí i, ó jókòó tì í, ó ń pẹja. Ìyá mi dúró sí etí, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Àbúrò mi na ọwọ́ sí i.

"Ẹ má bẹ̀rù, Màámi. Ọkọ̀ pàápàá ń kọjá lórí ẹ̀."

"Bísímílláàhì," ni ìyá mi wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé orí òkun.

A rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ìyá wa ní àárín. Oòrùn yọjú, ojú yìnyín náà sì pọ́n títí dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì rò pé mo tún lè rí i. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ la ẹnu, iwájú ló sì ń wò.

"Màámi, mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ má bẹ̀rù. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni. Ká ní ẹ dúró di Júláì tí mo ní kẹ́ ẹ wá yẹn, ẹ kì bá tí bá mi láyé. Mo ti rò ó parí."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Nígbà tó yé mi, mo dúró sójú kan. Èmi tí mo ti wo òdòdó àti omi lórí fóònù, tí mo ti sọ pé Júláì ló dáa jù. Omijé bọ́ lójú mi, mo sì mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń tutù kó tó dé àgbọ̀n.

Ìyá mi kò dúró, kò sì pariwo. Ó wá ọwọ́ àbúrò mi kàn nínú aṣọ òtútù tó nípọn yẹn, ó dì í mú.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ìyẹn ni mo ṣe wá."

Ó ní kí n yára máa bọ̀, kí n yéé dúró sórí omi bí òpó iná. Mo nu ojú mi, mo sì tẹ̀ lé wọn.